Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Péré Láìlo Oògùn

Dókítà náà kò tilẹ̀ wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ọkọ mi ló kọjú sí, àfi bí ẹni pé ọkọ mi ló ni ilé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní kí n dá oògùn tí mò ń lò dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má fi ẹnu kàn án mọ́ títí èsì àyẹ̀wò á fi dé. Ọkọ mi ń mi orí bí alángbá. Èmi ni mo béèrè pé bí èsì bá pẹ́ ńkọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni."

Péré! Ọdún ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ẹni tí kò gbé inú ara tèmi nìkan ló lè fi ẹnu sọ péré.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú oògùn tó jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí nǹkan oṣù mi dá. Mo kọ́kọ́ rò pé oyún ni, ọkọ mi sì ti ń yọ̀. Kì í ṣe oyún. Kò pẹ́ tí ooru bẹ̀rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn, á bo gbogbo ojú mi, aṣọ tí mo wọ̀ á sì rin gbingbin. Lẹ́yìn náà, òtútù á dé. Oorun fò lọ lójú mi. Oríkèé ara ń ro mí bí ìyá arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbàgbé orúkọ ọmọ kíláàsì mi tó ti ń jókòó níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní Ìjerò tí wọ́n ti bí mi, obìnrin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta. Wọ́n á ní ó ti gbó kó tó dàgbà. Mo pa ẹnu mọ́ fún ọdún kan gbáko kí n tó lọ bá dókítà kan ní Ìbàdàn. Òun ló sọ fún mi pé èròjà tó ń mú ara obìnrin ṣiṣẹ́ ló tán lára mi ṣáájú àkókò, ó sì kọ oògùn họ́mónù fún mi, oògùn wẹ́wẹ́ kan báyìí, ẹyọ kan lójúmọ́. Kò pé oṣù méjì tí mo fi padà di ènìyàn. Mò ń sùn, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé girama ní Arámọkọ láìsí pé mò ń wá ibi tí màá ti sunkún.

Ọdún mẹ́ta ni ìgbádùn náà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò, mo rí ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn wá dá, ó tún wá. Ilé-ìwòsàn tí a lọ, n kò ní sọ èwo ni, fọ inú mi, wọ́n sì gé ẹran bíńtín láti ibẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà kò pe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n mo kàwé tó láti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, oògùn tí mò ń lò á máa bọ́ ọ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n dá a dúró. Mo gbà. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni mí. Ọmọ méjì tí mo bí ṣì ń lọ sílé-ìwé, n kò sì fẹ́ kú.

Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa wà, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa, ṣùgbọ́n fún irú àyẹ̀wò yẹn, Ifẹ̀ ni wọ́n ń rán wa lọ. Ẹni tó ni àìsàn ló sì ń gbé ìgò rẹ̀ rìn. Wọ́n fi ẹran náà sínú ìgò kékeré, wọ́n bu omi olóòórùn líle kan lé e kó má baà jẹrà, wọ́n lẹ bébà tí wọ́n kọ orúkọ mi sí mọ́ ọn, wọ́n wá fi ọ̀rá dúdú dì í. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ọkọ mi ti gbà á ṣáájú mi.

"Tíṣà," ohun tó máa ń pè mí nìyẹn bó bá fẹ́ fi mí ṣeré, "ìwọ ṣáà lọ sinmi. Kí ni mo wà fún?"

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ọkọ mi. Ó ní òun á sùn lọ́dọ̀ ìyá òun lókè lọ́hùn-ún, kí òun lè tètè bá ọkọ̀ Iléṣà jáde láàárọ̀, láti ibẹ̀ sí Ifẹ̀ kò jìnnà. Ó lọ ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà dé. Ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Mo kí i. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo sì gún iyán fún un pẹ̀lú ikùn tó ń ro mí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù bí mo bá rántí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ooru padà, ó sì padà pẹ̀lú ẹ̀san. Ọyẹ́ ti dé. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ apá ibẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, àwọn olùkọ́ a máa wọ súwẹ́tà méjì, àwọn ọmọ á máa gbọ̀n lórí bẹ́ńṣì. Èmi á dúró síwájú pátákó pẹ̀lú òógùn tó ń kán láti àgbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo na gbogbo kíláàsì náà, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà tó kẹ́yìn, tí n kò sì rántí ohun tí mo na wọ́n fún kí n tó na ẹni ìkẹyìn. Ó yẹ kí ojú tì mí. Ojú kò tì mí nígbà yẹn, inú ń bí mi jù.

Gbogbo nǹkan ló ń bí mi nínú. Aago ilé-ìwé ń bí mi nínú. Bí ọkọ mi ṣe ń jẹ eegun ń bí mi nínú. Olùkọ́bìnrin kan bi mí pé ṣé mo lóyún ni, mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi, mo sì mọ̀ pé ìwà mi náà ni, nítorí n kì í ṣe onísùúrù láti ilé bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mò ń lo oògùn, mo máa ń rí ìbínú náà lókèèrè, màá sì yà fún un. Ní báyìí, kí n tó rí i, ó ti dé orí mi.

Oògùn mi sì wà nínú àpótí aṣọ. Ó ṣẹ́ku ẹyọ mọ́kànlá. N kò purọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ṣí àpótí náà, tí mo wò wọ́n, tí mo tún pa á dé. Ẹyọ kan péré, mo máa ń sọ fún ara mi, ta ló máa mọ̀? Àmọ́ màá rántí ìgò mi ní Ifẹ̀. Màá rántí pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ara mi lọ́wọ́lọ́wọ́, pé bí mo bá ṣẹ̀, mo lè fi ọwọ́ ara mi pa ara mi. N kò mu ẹyọ kan. Mo pa òfin mọ́ bí ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́-Ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá ọkọ mi wá kí mi láti Ẹ̀fọ̀n. Ó gbé iṣu àti epo wá, ó gún iyán fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan odó. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, opó tó ń roko títí di ọjọ́ yẹn, a kò sì jà rí. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má ronú. Olúwa á fi òmíràn rọ́pò."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí tó máa ń sọ ló tún gbé dé. Òmíràn! Èmi tí mò ń retí ìdájọ́ ikú tàbí ìyè, ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ. Mo ṣe àmín, mo sì wọlé lọ gbá ìlẹ̀kùn. Bí mo bá ti bi í pé òmíràn kí ni, ǹ bá ti mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Ọkọ mi lọ sí Ifẹ̀, ó ní wọn kò tíì gbé e jáde. Ọ̀sẹ̀ keje, ó ní ẹ̀rọ wọn bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó lọ, ó dé, ó ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ sí ìpàdé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ra búrẹ́dì bọ̀. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní ọ̀nà ò dára, ó ní ara mi ò tíì le. Ẹ̀jẹ̀ ti dá ní tirẹ̀. Ọkọ mi máa ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, á ní, "Ṣé kò tíì tún wá?" Bí mo bá ní rárá, ó máa ń mí kanlẹ̀, mo sì rò pé ìfẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo wọ ọkọ̀ lójú títì, a gba oríta Ìtáwùrẹ́ kọjá, ó di Iléṣà, ó di Ifẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awò ló wà nídìí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Mo sọ orúkọ mi. Ó wò ó. Kò sí. Ó tún wò ó láti oṣù tó ṣáájú. Kò sí. Ó fa ìwé mìíràn yọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í laagùn, ìbínú sì ti gun orí mi.

"Ẹ ti sọ ọ́ nù!" Mo pariwo débi pé àwọn tó wà nínú yàrá yọjú. "Ẹran ara mi lẹ sọ nù! Ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ̀rọ yín bàjẹ́, ẹ wá sọ mí nù! Ṣé bí ẹ ṣe máa ń pa ènìyàn nìyí?"

Ọkùnrin náà jẹ́ kí n pariwo tán. Ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ wa ò bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé ìgò wá, a máa ń fún un ní ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà. Ẹ mú ìwé yẹn wá, a ó rí i. Ta ló gbé e wá fún yín?"

Mo ní ọkọ mi ni. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹn, n kò rí ìwé pélébé kankan. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn, mo sì ń rò ó. Kò pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìgò mi kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tó wà.

Mo sọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n nígbà tí mò ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ìgò náà ti sùn, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá ìyá ọkọ mi níbi tó ti ń sá èlùbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ọmọ yín sùn síbí pẹ̀lú ìgò, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Éè sọ fún ọ ni?"

"Kò sọ kí ni fún mi, Ìyá?"

Ó dìde, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé, ní ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ máa ń tutù. Wọ́n ti fi àwo amọ̀ kékeré bo ojú ibì kan. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ń gbá a lójoojúmọ́.

"Ibi nì-ín," ó ní. "Mo sin ín rere. Ọkọ rẹ ní wọ́n fọ unú fún ọ, ó ní ohun tí wọ́n yọ l'ó wà l'únú ìgò. Mo ní k'Ólúwa má bínú sí wa. Éè tọ́ k'á máa gbé ọmọ rìn l'únú ọkọ̀ bí ẹni gbé àgbo. Nígbà tí ọkọ rẹ jáde i kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo da omi burúkú un nù, mo wẹ̀ ẹ́, mo fi epo pa á, mo fi aṣọ funfun dì í, mo sin ín sí ulẹ̀ tútù, l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi mo sin olóbì ọkọ rẹ sí ní ọjọ́ mo bí i. Ọkọ rẹ dé, ó bínú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ó ní òun á sọ fún ọ. Ìgbà tó tún wá kí mi, ó ní o gbọ́, o sì dúpẹ́."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún un? Láyé tiwọn, bí wọ́n bá fọ inú fún obìnrin, oyún ló bàjẹ́. Kò sí ìdí mìíràn. Ohun tó bá sì ti inú obìnrin jáde, ilẹ̀ ló ni ín, wọn kì í jẹ́ kí ajá rí i, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn pa á. Ìyá yìí ti ṣe ohun tó dára jù tó mọ̀. Ó ti ń gbá ojú oórì ọmọ-ọmọ tí kò sí láràárọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo sì sunkún, ó rò pé ọmọ ni mò ń sunkún, ó sì ń fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú. N kò lè bínú sí i. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Nítorí náà, mo kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ó ń jẹun nígbà tí mo wọlé. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ni mo ń pè é, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ní, "Dìde. Níbo lo máa ń lọ bí o bá ní o ń lọ sí Ifẹ̀?"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Iléṣà ló ń lọ, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Á jókòó títí di ọ̀sán, á ra búrẹ́dì, á padà. Ó ní kí ni kí òun ṣe? Ṣé kí òun lọ hú ohun tí ìyá òun sin? Ó ti bàjẹ́ náà. Ó ní òun rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, òun rò pé ó ti tán, pé bó bá yá, òun á ní èsì dé, pé kò sí nǹkan.

"O máa ní èsì dé?" Mo ní, "O fẹ́ fi ẹnu ara rẹ kọ èsì jẹjẹrẹ fún mi?"

Ó wá sọ ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì í títí dòní. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìbínú rẹ ni mò ń bẹ̀rù."

Ìbínú mi! Ìbínú tí òun fúnra rẹ̀ ń dá iná sí! Ó mọ̀ pé oògùn ni n kò mu. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń jóná níwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣí àpótí tí mò ń pa á dé, ó mọ̀ pé kò sí ohun tí mò ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ló ní láti sọ kí n lè tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ìbínú mi ló jẹ̀bi. Mo gbé àwo ọbẹ̀ náà, mo dà á sí àgbàlá fún adìẹ.

A tún un ṣe. Wọ́n tún fọ inú mi. Mo ní kí dókítà kọjú sí mi bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ó sì kọjú sí mi. Mo gbé ìgò mi lé itan láti Arámọkọ dé Ifẹ̀, n kò fi í sílẹ̀, n kò sọ̀ láti tọ̀. Ọkùnrin awò fún mi ní ìwé pélébé. Mo ní kó má bínú fún ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ó ní kò sí wàhálà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn láti orí kìíní, láìlo oògùn, pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan náà, bóyá jẹjẹrẹ tí n kò mọ̀ ti fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta gbilẹ̀ nínú mi nígbà tí ẹnì kan ń jẹ búrẹ́dì ní Iléṣà. Ọ̀rọ̀ kò sí láàárín èmi àti ọkọ mi ju kí n gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Èsì dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Awọ inú ilé ọmọ ló nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà sì ní òun á fi oògùn kejì kún èyí tí mò ń lò kó má tún ṣẹlẹ̀, pé mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún, mo sì ra omi, mo mu ẹyọ kan níbẹ̀ nínú mọ́kànlá tí mo kó sápò.

Ọkọ mi ló sáré lọ bá àlùfáà pé a fẹ́ dúpẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀fọ̀n, àwọn ọmọ wa méjèèjì wọ aṣọ tuntun. Wọ́n pè wá síwájú. Àlùfáà na gbohùngbohùn sí ọkọ mi. Ọkọ mi tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó yin Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, ìjọ ń ṣe halelúyà. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Ìyàwó mi ṣàìsàn, wọ́n ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo gbé àyẹ̀wò náà lọ sí Ifẹ̀, mo lọ, mo bọ̀, n kò sinmi, Ọlọ́run sì…"

Mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. N kò já a gbà, mo kàn gbà á. Ìjọ rò pé orin ni mo fẹ́ dá.

Mo ní, "Èmi ni mo gbé e lọ."

Mo dá a padà fún un kó máa bá ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ó dì í mú, ó ń wo ìjọ, ìjọ ń wò ó.